Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ fún Tẹlifóònù

Títí di ìsinsìnyí, bí tẹlifóònù bá dún nítòsí mi, orúnkún mi ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, etí mi á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀lé e. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí orúnkún yìí kan náà bá mi gba iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ìdí nìyẹn tó fi lè máa rẹ́rìn-ín.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ọdún kejì ni mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀, bí mo ṣe fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú mi kúrò ní ìlú wa lápá Èkìtì wá sí Agbowó, sínú yàrá méjì tí àwọn àti ọkọ wọn ń gbé. Mo ń bá wọn tọ́jú ọmọ, mo sì ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń ṣe lẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí kí wọ́n má baà pè mí láti dáhùn ìbéèrè, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sójú pátákó ni mò ń dà kọ. Ibẹ̀ ni mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé mo lè di nǹkan kan.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ ìjọba gbé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Sókótó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìkòkò wọ inú páálí, wọ́n tú bẹ́ẹ̀dì palẹ̀, wọ́n sọ àwòrán ìgbéyàwó wọn kalẹ̀ lára ògiri, ó wá ku ojú ìṣó nìkan. Gbogbo ẹrù ló ní ibi tó ń lọ, àfi àpótí mi. Bàbá mi ti ránṣẹ́ láti ilé pé bí n kò bá tíì ríṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá dé lọ́jọ́ Sátidé, kí n máa bọ̀ nílé. Mo fẹ́ràn bàbá mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá padà sílé, oko kòkó àti ìdí ààrò ló kù, ìwé ti parí nìyẹn. Ìyá kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà sọ pé bí mo bá níṣẹ́ lọ́wọ́, mo lè máa gbé lọ́dọ̀ àwọn. Ìyá yìí náà ló gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ring Road ń wá ẹni tí yóò máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí tẹlifóònù. Wọ́n ní kí n wá ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Sátidé. Mo kà á lórí ìka mi, kò kún ọwọ́ kan.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, ẹ̀gbọ́n mi yá mi ní bàtà wọn. Ó tóbi jù mí lọ, a ki òwú bọ̀ ọ́ níwájú. Wọ́n bá mi de ọrùn aṣọ mi, wọ́n yí mi padà, wọ́n wò mí lẹ́yìn, wọ́n wá di etí mi mú bí ìgbà tí mo wà ní kékeré.

"Gbọ́ o. Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní nǹkan, la ẹnu dáhùn. Má kàn máa fi orí dáhùn bí alángbá. Tẹlifóònù ò ríran."

"Mo gbọ́, Àǹtí."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mo gbọ́."

"Háà, Olúwa," ni wọ́n wí, wọ́n sì jẹ́ kí n máa lọ.

Mo wọ bọ́ọ̀sì dé Dùgbẹ̀, mo wọ takisí níbẹ̀ lọ sí Ring Road. Ní Ìbàdàn, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ pariwo pé "Ó wà o!" kí awakọ̀ tó dúró. Mo rí ṣọ́ọ̀bù náà láti òkèèrè, mo rí fíríìjì tí wọ́n yà sára pátákó rẹ̀, mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Ọkùnrin méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò, ọ̀kan ń ka ìwé ìròyìn. Bí a ṣe kọjá ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn. Ìgbà tí a dé Challenge tí gbogbo èrò sọ̀ ni èmi náà sọ̀, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà nínú bàtà tó ń gbá mi ní gìgísẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi lójú ọ̀nà pé ọmọ tí kò lè sọ "ó wà" fún onítakisí, kí ni yóò rí sọ fún àwọn ẹni ńlá Bódìjà?

Ọ̀gá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo dé. Ọkùnrin gíga, tínínrín, tí ó ti dàgbà díẹ̀ ni wọ́n, tí wọ́n máa ń gbé jígí ojú wọn sí iwájú orí, tí wọ́n á sì máa wá a kiri. Bọ̀ọ̀dá kan wà pẹ̀lú wọn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹnjiníà. Bọ̀ọ̀dá yìí ló ń wa ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ sí ilé àwọn oníbàárà. Fíríìjì la ẹnu sílẹ̀ yíká wọn, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ tò lórí tábìlì, òórùn òjé tí wọ́n ń yọ́ lórí iná sì gba inú yàrá. Lọ́jọ́ náà, òórùn yẹn fẹ́ mú mi sín. Nísinsìnyí, bí mo bá kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe, mo máa ń dẹsẹ̀ dúró kí n lè gbọ́ ọ díẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn.

"Ìwọ lọmọ tí Ìyá ní Aládùúrà sọ?" ni Ọ̀gá bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀n? Dìde. Mi ò gbọ́."

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bọ̀ọ̀dá gbé orí sókè láti ẹ̀yìn fíríìjì. "Ọ̀gá, ẹni tí ẹ fẹ́ gbé tẹlifóònù lé lọ́wọ́ rèé? Èmi tí mo dúró tì í níbí ò gbọ́ nǹkan tó sọ, ká má tíì wá sọ ẹni tó wà ní Jẹ́ríkò!"

Ọ̀gá gbé jígí ojú wọn sí iwájú orí. Wọ́n mú mi lọ sí ìdí tábìlì kékeré kan tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Tẹlifóònù dúdú kan ló wà lórí rẹ̀, tó wúwo bí ayọ́ọ̀nù eléèédú, tí wáyà rẹ̀ lọ́ pọ̀ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Ìwé fífẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti fa ìlà sí i: orúkọ, ibi tí ilé wà, irú ẹ̀rọ, ohun tó ń ṣe é.

"Ṣé o lè kọ̀wé?"

"Mo lè kọ Yorùbá dáadáa, sà. Òyìnbó, díẹ̀díẹ̀."

"Yorùbá ti tó. Ẹnjiníà á kà á." Wọ́n wo aago ara ògiri. "Mi ò tíì sọ pé mo gbà ọ́ síṣẹ́ o. Jẹ́ ká wò ó títí di aago márùn-ún. Nígbà náà, màá sọ fún ẹ."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ òfin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ bi oníbàárà léèrè bóyá ó ti tan ẹ̀rọ rẹ̀ lára ògiri. Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá wọlé, Bọ̀ọ̀dá ṣàlàyé fún mi.

"Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kó o tó dé ló bi ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Bódìjà pé, 'Ṣé ẹ ti tan súwíìṣì ẹ̀?' Bàbá yẹn ò dá a lóhùn lórí tẹlifóònù o. Ó gbé mọ́tò, ó wá síbí fúnra ẹ̀. 'Èmi? Èmi tí mò ń kọ́ àwọn tó kọ́ yín?' Ó kó gbogbo nǹkan ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì, ó sì kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tẹ̀lé e."

"Ṣé ó ti tàn án ni, sà?"

Bọ̀ọ̀dá wò mí, ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kò tàn án. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní Agbowó, bí iná bá ti lọ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi á pariwo pé, "Ẹ pa gbogbo nǹkan o!" A ó sáré yí ilé ká, a ó máa pa súwíìṣì, nítorí pé bí iná bá ń padà bọ̀, ó máa ń fi agbára wọlé, ó sì lè jó ẹ̀rọ. Gbogbo ìlú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí iná bá wá dé, ènìyàn á tan gílóòbù, á tan fáànù, á gbàgbé ọ̀kan tó kù. Ní ọjọ́ kejì, á ní fíríìjì òun ti bàjẹ́. Bọ̀ọ̀dá ní nínú ilé márùn-ún tí àwọn bá wakọ̀ lọ, ó lè jẹ́ méjì tí wọn kò ní ṣe ju pé kí wọ́n tẹ súwíìṣì lọ. Mọ́tò kan péré ni ṣọ́ọ̀bù ní.

Tẹlifóònù náà dún. Mi ò tíì fọwọ́ kan tẹlifóònù rí láyé mi. Mo gbé e sétí bí mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe é nínú fíìmù.

"Hẹ́lò!" Ohùn bàbá àgbà kan ló wọ etí mi, ohùn tó wúwo, tó balẹ̀, bí ohùn bàbá bàbá mi gan-an.

Mi ò ronú rárá. "Ẹ káàárọ̀, sà," ni mo wí, mo sì kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

Wáyà kò tó. Tẹlifóònù tẹ̀lé mi. Ó yọ̀ kúrò lórí tábìlì, ó kọ́kọ́ gbá mi léjìká, ó wá já lu sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ariwo tó mú kí fọ́káníṣà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọjú wò wá. Bọ̀ọ̀dá di ikùn mú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí àpótí.

"Ṣé o rò pé wọ́n ń rí ẹ ni? Ọ̀gá! Ọ̀gá, ẹ wá wò ó, ó ń kúnlẹ̀ kí tẹlifóònù!"

Ọ̀gá jáde wá. Wọ́n gbé tẹlifóònù náà sókè, wọ́n gbé e sétí, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n dá a padà sórí tábìlì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti sán.  Wọ́n wo aago. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni. Omi ti kún ojú mi, mo sì ń wo àpótí mi nínú ọkàn mi, mo ń wo okùn tí mo fi dì í.

Ó tún dún. Bàbá yẹn ni.

"Kí ló ró gbàmù bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ̀ ń wólé ni?"

"Rárá, sà. Ẹ má bínú, sà. Mo kúnlẹ̀ kí yín ni, tẹlifóònù wá já bọ́."

 Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ inú bàbá náà, ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wúkọ́, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

"Dìde, ọmọ mi," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Ó ti tó. Dìde. Fíríìjì mi ni kò ṣiṣẹ́ láti àná."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: Jẹ́ríkò, fíríìjì, kò ṣiṣẹ́ láti àná. Ìbéèrè náà wà lórí ahọ́n mi, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Bọ̀ọ̀dá gbé ọkọ̀, wọ́n lọ. Wákàtí kan àti díẹ̀ kọjá kí wọ́n tó padà dé, wọ́n sì na ìka ìfábẹ̀là wọn sí mi láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìka yìí! Ìka kan ṣoṣo yìí ni mo lò! Mo wakọ̀ dé Jẹ́ríkò lọ tẹ súwíìṣì! Wọ́n pa á nígbà tí iná lọ lálẹ́ àná, ó tán."

"Wọ́n ní kí n má bi wọ́n, sà."

"Mo mọ̀. Ta ló ń bá ẹ wí?" Ṣùgbọ́n inú ń bí wọn.

Láti ìgbà yẹn, mo pinnu pé mi ò ní kúnlẹ̀ mọ́. Mo fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ àga kí orúnkún mi má baà rí àyè. Bí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn mi pa rẹ́. Bóyá ẹni tí kò dàgbà sí irú ilé wa kò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n n kò bá àgbà sọ̀rọ̀ lórí ìjókòó rí. Lápá ọ̀dọ̀ wa, àwa kì í fi bẹ́ẹ̀ to ẹ̀yin àti àwọn mọ́ ọ̀rọ̀ bí àwọn ará Ìbàdàn. Orúnkún la fi ń bọ̀wọ̀. Bí orúnkún mi bá ti kanlẹ̀, mo ti ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe, ẹnu mi á sì là. Bí mo bá jókòó, á dà bíi pé mò ń jalè.

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ mi. "Sọ̀rọ̀ sókè!" "Ta ló wà níbẹ̀?" Obìnrin kan ní, "Ẹ gbé tẹlifóònù fún ẹni tó lóhùn," mo sì ní láti lọ pe Ọ̀gá kúrò nídìí iṣẹ́ wọn. Ọkùnrin kan tilẹ̀ gbé ti ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ mọ́ mi létí. Gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá bá jáde wá, aago ara ògiri ni wọ́n ń wò, tàbí kó jẹ́ pé èmi ni mo ń rò bẹ́ẹ̀.

Iná lọ ní ọ̀sán. Ẹnikẹ́ni kò pè mọ́, nítorí bí kò bá sí iná, kò sí ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Mo jẹ búrẹ́dì àti àkàrà tí ẹ̀gbọ́n mi dì fún mi. Bọ̀ọ̀dá di irinṣẹ́ wọn, wọ́n ń lọ tún fíríìjì ńlá kan ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Bí mo bá dé tí o ti lọ, má bínú sí mi o. Ẹ̀rín tí mo rín ẹ láàárọ̀, kò ní ibi nínú."

Bí wọ́n ti sọ ọ́ dùn mí ju ẹ̀rín náà lọ, nítorí pé ìdágbére ni.

Iná padà dé lẹ́yìn aago mẹ́ta. Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá, tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà, ìpè kan wọlé láti Bódìjà. Ìyá kan ni, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni mo wá mọ̀ wọ́n sí lẹ́yìn náà, ohùn wọn sì ti fi hàn bẹ́ẹ̀.

"Tẹlifíṣọ̀n mi kò tàn. Àwọn àna mi ti jókòó sí pálọ̀, wọ́n fẹ́ wo ọmọ wọn tí yóò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lónìí. Mo fẹ́ kí ẹnjiníà yín wà níbí ní ogún ìṣẹ́jú."

"Mà... ọkọ̀... Olúyọ̀lé..."

"Kí lò ń sọ? Sọ̀rọ̀ sókè! Tí ẹ ò bá lè wá, ẹ sọ fún mi, kí n mọ ibi tí màá gbé gbogbo ẹrù mi lọ. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni mo ní tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín!"

Mo wo ẹ̀yìn. Ọ̀gá kò sí nítòsí. Mọ́tò wà ní Olúyọ̀lé, kò sì lè dé Bódìjà láàárín ogún ìṣẹ́jú. Bí ìyá yìí bá kó ẹrù wọn lọ bíi ti ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, mo mọ ohun tí Ọ̀gá yóò sọ fún mi. Mo tú ẹsẹ̀ mi kúrò lára àga. Mo fi ọwọ́ òsì di tẹlifóònù mú mọ́ orí tábìlì kó má baà tẹ̀ lé mi, mo kúnlẹ̀, mo na ọrùn sókè kí wáyà lè dé etí mi, mo rọ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ohùn mi sì jáde.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ kú àlejò. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé àwọn ọmọdé wà nílé? Ọwọ́ ọmọdé kì í dákẹ́. Wọ́n lè ti fọwọ́ kan ìdí iná."

"Ọmọdé wo? Àwọn ọmọ mi ti kọjá ẹni tó ń fọwọ́ kan iná."

"Bóyá eku ni, mà."

"Eku! Nínú ilé mi?" Ìyá náà rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Ó dájú pé nítorí àwọn àna ni. "Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

 Ìgbà náà gan-an ni mo rántí ìyá bàbá mi. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n sì lè ró ìró ní òdì jáde lọ sí ìta. Ẹnikẹ́ni nínú ilé kò jẹ́ sọ fún wọn pé wọ́n ró aṣọ ní òdì. Ohun tí ìyá mi máa ń sọ ni pé, "Ìyá, ẹ mà mọ aṣọ tọ́jú o, ẹ ò fẹ́ kí oòrùn pa ojú rẹ̀." Ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wọlé lọ, wọ́n á tún un ró.

"Ẹ má bínú, mà," ni mo wí. "Mo kàn ń rò ó pé bóyá ẹ̀yin fúnra yín lẹ pa á nígbà tí iná lọ lọ́sàn-án, kí iná tó ń fi agbára wọlé má baà jó o. Àwọn tó bá mọ ẹ̀rọ tọ́jú ló ń rántí ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tọ́jú ni ẹ̀rọ wọn máa ń jó."

 Mo ń gbọ́ èémí wọn. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn àlejò lókèèrè. Ọwọ́ tí mo nà sókè ti ń kú.

"Èmi ni mo pa á," ni ìyá náà wí, ohùn wọn ti yàtọ̀. "Iná yìí kò ṣeé fọkàn tán."

"Ẹ kú ìtọ́jú, mà."

"Dúró."

Mo gbọ́ ìró sílípáàsì wọn tó ń lọ. Mo dúró lórí orúnkún mi. Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn pariwo ayọ̀ nínú pálọ̀ kan ní Bódìjà tí n kò rí rí, ohùn ẹnì kan sì ń sọ̀rọ̀ òyìnbó jáde láti inú ẹ̀rọ. Sílípáàsì padà dé.

"Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Nígbà tí mo yí ojú padà ni mo rí Ọ̀gá. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú jígí lórí iwájú orí wọn. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé mi ò rú òfin, pé mi ò bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n tàn án. Wọ́n yí padà, wọ́n wọlé lọ sídìí iṣẹ́ wọn. Mo jókòó. Fún ìṣẹ́jú tó kù, mi ò gbé ojú kúrò lára aago.

Bọ̀ọ̀dá dé nígbà tó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún lù. Wọ́n rí mi, wọ́n gbé ojú sókè bí ẹni tí ẹnu yà. Ọ̀gá jáde wá. Wọ́n dúró sídìí tábìlì mi, wọ́n fi ìka kan ibi tí tẹlifóònù ti sán, wọ́n wo wáyà rẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀.

"Ẹnjiníà, wáyà yìí kúrú. Fi kún un kó tó ilẹ̀."

"Tó ilẹ̀ kẹ̀, Ọ̀gá? Kí ni tẹlifóònù ń wá nílẹ̀?"

"Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Bí o bá ń bọ̀ lọ́la, mú tìmùtìmù kan dání láti ilé. Sìmẹ́ńtì yìí á pa orúnkún ẹ."

Mo gbọ́ "lọ́la" yẹn, n kò sì gbọ́ ohunkóhun mọ́. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo rí i pé mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kúnlẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Jẹ́ríkò kì í sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ wọn láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé o ti kúnlẹ̀?" "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." "Ó dáa. Dìde." Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n á pè láìsí ohun tó bàjẹ́. Ọ̀gá ti kó ṣọ́ọ̀bù náà lọ sí ibòmíràn báyìí, wọ́n ń ta sìmẹ́ńtì níbi tí tábìlì mi wà. Mo kọjá níbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo wo ilẹ̀ ẹ̀bá ilẹ̀kùn náà títí tí ẹni tó ń ta ọjà fi bi mí pé kí ni mò ń wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Dùgbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pariwo "Ó wà o!" ní Sángo, tí Agbowó ṣì jìn. Awakọ̀ dúró. Ojú tì mí láti sọ pé mo ṣi ibẹ̀ pè, mo bá sọ̀, mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo bàtà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi tó kún fún eruku, ojú wọn sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Wọ́n ò gbà ẹ́."

"Àǹtí, ṣé tìmùtìmù kan wà tí ẹ ò tíì dì?"

"Tìmùtìmù? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

 Mo kọjá lára wọn wọlé, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn rẹ̀.